Aṣọ tí ó bo ayé: ìdí tí ooru fi ń pọ̀ sí i

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyá kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dúró dè mí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ alẹ́. Ẹ̀fọ́ ni ó ń tà lọ́jà. Ó ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó mọ bí a ṣe ń di kálámù mú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wí yìí, ó ti lè ka ojú-ìwé bí èyí láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́. Ó yọ ìwé àjákọ ọmọ rẹ̀ jáde nínú àpò. Ọmọbìnrin náà wà ní kíláàsì CM1. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ lọ bi àwọn òbí wọn léèrè pé kí ló dé tí ayé fi ń gbóná sí i. Ìyá sọ fún ọmọ pé oòrùn ni ó ń sún mọ́ wa. Ọmọ gbé ìdáhùn náà lọ sí kíláàsì, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà wí fún mi pé: "Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi kí n lè sọ ọ́ fún un. N kò fẹ́ kí wọ́n tún fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín nítorí tèmi."

Mo la ẹnu, Faransé ni ó jáde. Mo sọ atmosphère, mo sọ rayonnement, mo sọ gaz à effet de serre. Ó wò mí títí, ó ní: "Olùkọ́, èdè tí ẹ fi kọ́ mi ní ìwé kọ́ ni ẹ ń sọ yìí." Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo sọ fún un nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọmọ ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bi í léèrè. Mo ní: "Ní ọ̀sán ọyẹ́, ṣé oòrùn kì í mú?" Ó ní ó ń mú, ó ń ta ni lórí bí ata. "Ní ìdájí ọyẹ́ ńkọ́?" Ó ní òtútù ni, àwọn ọmọ a máa gbọ̀n, àwọn àgbà a máa yáná. "Ní ìgbà òjò ńkọ́, nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú?" Ó ní ooru a máa mú ní irú òru bẹ́ẹ̀, ènìyàn a máa làágùn lórí ẹní.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọ̀sán ọyẹ́ ní oòrùn ju ọ̀sán ìgbà òjò lọ, síbẹ̀ òru ọyẹ́ ni ó tutù jù. Bí ó bá ṣe pé oòrùn nìkan ni ó ń pinnu bí ilẹ̀ yóò ṣe gbóná tó, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà láàárín ilẹ̀ àti ojú ọ̀run tí ó ń dá sí ọ̀ràn náà.

Láti mọ nǹkan ọ̀hún, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ti pa láti àárọ̀. Ẹ dúró títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí ògiri náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi kàn án. Ẹ ó mọ ooru rẹ̀ lára. Àwọn ará Sábẹ́ kò tilẹ̀ nílò ògiri, àwọn òkè àpáta wọn ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀, ojú kò rí ohunkóhun, ṣùgbọ́n nǹkan ń jáde láti ara òkúta wá sí ọwọ́ yín. Ooru tí òkúta gbà lọ́sàn-án ni ó ń dá padà.

Gbogbo ilẹ̀ ayé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tọ̀sán-tòru: oko, odò, òkun, òrùlé páànù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọlé, ilẹ̀ ń gbà á, ilẹ̀ ń gbóná, ilẹ̀ sì ń rán ooru tí a kò fojú rí padà sí òkè. Ẹni tí ó ń ṣòwò yóò tètè mọ̀ ọ́n: owó ń wọlé, owó ń jáde. Bí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde bá dọ́gba, inú àpò yóò wà bí ó ti wà. Bí èyí tó ń jáde bá dín kù, àpò yóò máa wú.

Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó ń fẹ́ wá láti ìhà aṣálẹ̀. Omi inú rẹ̀ kéré, ìkùukùu kò sì sí. Nítorí náà, bí alẹ́ bá ti lẹ́, ooru ilẹ̀ rí ọ̀nà gba òkè lọ, kò sí ẹni tí ó dá a dúró. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara ilẹ̀ ti tutù. Ní ìgbà òjò, omi kún inú afẹ́fẹ́, bí a kò tilẹ̀ rí i, ìkùukùu sì wà lókè rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń gba ooru tí ilẹ̀ rán jáde, wọ́n sì ń dá apá kan rẹ̀ padà sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ sùn pẹ̀lú aṣọ ìbora lára ní ìgbà òjò, ó sì sùn ní ìhòòhò ní ìgbà ọyẹ́.

Aṣọ ìbora kì í dá iná. Ẹ fi aṣọ bo òkúta tútù, yóò tutù títí di ọ̀la. Ara ènìyàn ni ó ní ooru, aṣọ kàn ń dá a dúró kí ó má tètè lọ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ayé rí: oòrùn ni ó ni ooru, afẹ́fẹ́ ni aṣọ.

Lórí rédíò, ní èdè Faransé, orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan yìí ni effet de serre. Serre ni ilé onígíláàsì tí àwọn ará ìlú olótùútù ń gbin ẹ̀fọ́ sí kí òtútù má bàa pa á. Mélòó nínú wa ni ó ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí? Èmi fúnra mi kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní yunifásítì láìmọ̀ bí ilé náà ṣe rí. Aṣọ ìbora ni mo fara mọ́, nítorí kò sí ọmọ Kétu tàbí ti Àjàṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé yìí, gáàsì ìbora ni n ó máa pè wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ aṣọ. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ gbígbẹ sí ọ̀nà 100, 78 nínú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní azote, 21 sì ni oxygène tí a ń mí sínú kí a lè wà láàyè. Àwọn méjèèjì yìí kì í dá ooru dúró rárá. Ooru ilẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá bí ìgbà tí omi ń gba inú ajere kọjá. Àwọn tí ó kéré níye ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èkíní ni omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Èkejì ni gáàsì tí àwọn onímọ̀ ń kọ báyìí: CO2. A lè pè é ní afẹ́fẹ́ èédú, nítorí pé lẹ́tà C yẹn dúró fún carbone, ohun náà gan-an tí ó pọ̀ jù nínú èédú. Bí èédú bá jó tán nínú ààrò, tí eérú díẹ̀ péré sì kù, ẹ má rò pé èédú náà ti ṣòfò. Ó ti di afẹ́fẹ́ èédú, ó ti bá ọ̀run lọ. Àwa pàápàá ń mí i síta.

Ẹ̀kẹta ni mẹtáànù. Ikùn màlúù ń tú u jáde, oko ìrẹsì tí omi bò ń tú u jáde, ààtàn tó ń jẹrà náà ń tú u jáde. Ọ̀kan tún wà tí ó ń jáde láti inú ilẹ̀ tí a da ajílẹ̀ sí, pàápàá bí a bá dà á jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì mí gbọ́: aṣọ yìí kì í ṣe ọ̀tá wa. Bí kò bá sí gáàsì ìbora rárá, ooru ayé, bí a bá pa ti ibi gbogbo pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ìbá jẹ́ nǹkan bí dígírì 18 sí ìsàlẹ̀ òdo. Àwọn tí ń ta ẹja dídì mọ̀ ọ́n: bí inú àpótí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó ẹja sí ṣe tutù tó nìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, nǹkan bí dígírì 15 sí òkè òdo ni. Òṣùpá kò sì jìnnà sí oòrùn jù wá lọ, ṣùgbọ́n kò ní aṣọ. Ọ̀sán rẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó lọ, òru rẹ̀ sì ju dígírì 100 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ̀wà kan kò lè hù níbẹ̀.

Kí ni ọ̀ràn nígbà náà? Aṣọ náà ni ó ń nípọn sí i.

Ẹ gbé àpò àgbàdo mẹ́ta wá, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó 100 kílò. Ẹyọ àgbàdo inú wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbilẹ̀ ní Yúróòpù, ẹyọ 280 nínú mílíọ̀nù náà ni afẹ́fẹ́ èédú. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni. Lónìí ó ti kọjá 420. Ẹ̀kúnwọ́ kan àti ààbọ̀ ni.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò mẹ́ta! Òun ni ó ń ṣe gbogbo èyí?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà, nítorí pé àwọn tí ó kàwé jù ú lọ ń bèèrè rẹ̀. Mo rán an létí àwọn aláró. Aró díẹ̀ tí wọ́n bá bù sínú omi ìkòkò ńlá, ìsàlẹ̀ ìkòkò kò ní ṣeé rí mọ́. Omi pọ̀ ju aró lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n omi kì í dá ìmọ́lẹ̀ dúró, aró ni ó ń dá a dúró. Bí aró ṣe ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ ni afẹ́fẹ́ èédú ń ṣe sí ooru tí a kò fojú rí.

Obìnrin kan wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn dán èyí wò. Eunice Foote ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1856, ó gbé ohun èlò onígíláàsì sínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ lásán wà nínú ọ̀kan, afẹ́fẹ́ èédú wà nínú èkejì. Èyí tí ó ní afẹ́fẹ́ èédú gbóná ju èkejì lọ, nígbà tí wọ́n sì gbé e kúrò nínú oòrùn, ó pẹ́ gan-an kí ó tó tutù. Obìnrin náà kọ ọ́ pé bí afẹ́fẹ́ ayé bá ní irú èyí púpọ̀ nínú, ayé yóò gbóná ju bí ó ti wà lọ. Nígbà tí wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀, ọkùnrin ni ó bá a kà á. Ní ọdún 1859, John Tyndall bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wọn ooru tí gáàsì kọ̀ọ̀kan ń dá dúró, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àná ni àwọn aláwọ̀ funfun hu ọ̀rọ̀ yìí jáde, ẹ sọ fún un pé ó ti lé ní 160 ọdún.

Láti ọdún 1958 ni wọ́n ti ń ka afẹ́fẹ́ èédú lójoojúmọ́ lórí òkè Mauna Loa, ní erékùṣù Hawaii, láàárín òkun ńlá. Charles Keeling ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹyọ 315 nínú mílíọ̀nù kan ni ó bá nígbà náà. Kò sí ọdún tí iye náà kò lọ sókè láti ìgbà yẹn.

Níbo ni àlékún náà ti wá? Láti inú ilẹ̀ ni. Igi, ewéko àti àwọn ohun kéékèèké inú òkun tí ó ti kú láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ó di èédú inú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì. Ẹ fi wé ìṣúra tí ilẹ̀ ti gbé mì, tí kò sí ní ọjà mọ́. Àwa ọmọ aráyé gbẹ́ ẹ jáde, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹntiróòlù inú alùpùpù, títí kan kpayo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, apá kan ìṣúra náà ni. Òkun àti igi ń gba nǹkan bí ìdajì ohun tí a ń tú jáde padà. Ìyókù ń dúró lókè, apá kan rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti mẹtáànù kò rí bẹ́ẹ̀: ó lágbára ju afẹ́fẹ́ èédú lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 12 ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti pòórá.

Èmi kì í fẹ́ràn bí àwọn kan ṣe ń bá àgbẹ̀ wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni ó gbóná ayé. Nínú 100 ènìyàn tó wà láyé, nǹkan bí 18 ni ó ń gbé ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nínú 100 ìwọ̀n afẹ́fẹ́ èédú tí ó ń jáde láti inú epo, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀, ti gbogbo Áfíríkà pọ̀ kò ju nǹkan bí 4 lọ. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó ti jó o pẹ́ jù, Ṣáínà ni ó ń jó o jù lónìí. Ìyẹn kò ní kí n dákẹ́ nípa èédú igi tí ọkọ̀ ń kó gba ọ̀nà Sábẹ́ lọ sí Kútọnu, àpò lórí àpò. Bí a bá gé igi tí òmíràn sì hù rọ́pò rẹ̀, igi tuntun yóò gba afẹ́fẹ́ èédú náà padà bí ó ti ń dàgbà. Bí a bá gé e tí kò sí ohun tó hù, gbèsè ni. Èyí wà ní ọwọ́ wa, kò sí ní ọwọ́ ará Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdáhùn tí wọ́n fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣé oòrùn kò sún mọ́ wa ni? Ohun tí ó ya ìyá náà lẹ́nu jù nìyí: lọ́dọọdún, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni ayé ń sún mọ́ oòrùn jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ní oṣù keje, ó ń jìnnà dé mílíọ̀nù 152. Oṣù kìíní kẹ̀, oṣù tí a ń yáná ní ìdájí! Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń rí lọ́dọọdún, kò yí padà láti ayé àwọn baba ńlá wa. Láti ọdún 1978, àwọn ẹ̀rọ tó ń yí ayé ká lókè ti ń wọn agbára oòrùn fúnra rẹ̀. Agbára náà kò pọ̀ sí i. Ẹ̀rí mìíràn sì wà. Bí oòrùn bá ni ó fa ooru yìí, afẹ́fẹ́ òkè réré yóò gbóná pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ó ń gbóná, òkè réré ń tutù sí i. Ohun tí ènìyàn ń retí nìyẹn bí aṣọ bá dá ooru dúró sí ìsàlẹ̀.

Ooru ayé ti ju ti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn lọ ní dígírì kan àti díẹ̀. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí a ti wọ̀n, ó fi nǹkan bí dígírì kan àti ààbọ̀ ju ti ìgbà náà lọ. Ó lè jọ pé dígírì kan kò tó nǹkan. Ìyá tó bá ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn mọ̀ pé 37 ni ara ọmọ tó dá, àti pé bí nọ́ọ̀sì bá rí 39, kò ní sọ pé méjì péré ni ó fi lé.

Fún àgbẹ̀, omi ni ọ̀nà tí ooru yìí ń gbà wọ oko. Bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì kan gbóná sí i, ó lè gbé omi tí ó fi nǹkan bí 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀ oko kíákíá ní ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ rọ̀, ó ní omi púpọ̀ láti dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ọ̀dá àti àgbàrá lè wọ oko kan náà láàárín ọdún kan, tí ẹni tó gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀ yóò tún un gbìn, tí omi yóò sì tún wá gbá a lọ. N kò ní kí ẹ di ẹ̀bi gbogbo òjò tó pẹ́ ru gáàsì ìbora. Òjò ti ń ṣe ségesège láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni a ń kà papọ̀ kí a tó sọ pé ojú ọjọ́ yí padà, kì í ṣe ọdún kan.

Bí ẹ bá ní ọmọ nílé, ẹ lè fi ohun tí mo sọ hàn án láìná kọ́bọ̀. Ẹ dúró de òru tí ìràwọ̀ hàn kedere, tí atẹ́gùn kò fẹ́. Ẹ bu omi sínú abọ́ méjì tí ó dọ́gba. Ẹ gbé ọ̀kan sí gbangba, kí ó kọjú sí ọ̀run. Ẹ gbé èkejì sí abẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri. Kí oòrùn tó yọ, kí ọmọ ti ìka bọ inú méjèèjì kí ó sọ èyí tó tutù jù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí pápá, kí ó wo ibi tí ìrì sẹ̀ sí: koríko gbangba yóò tutù rinrin, ti abẹ́ igi ńlá yóò gbẹ tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Kí ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé rẹ̀ ní Faransé, kí ẹ̀yin náà kọ ọ́ sínú tiyín ní Yorùbá, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí igi náà ṣe fún ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lóru.